Ìgbà Tá A Bá Fẹ́ Ṣe Rífáàsì Ni Wáìfáì Ń Lọ

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìfaradà ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín pé lẹ́tà ni mo kọ, èmi tí mo máa ń bèèrè pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí. Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, èmi náà ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì, ká tó mọ̀, a ti ń jà. Nínú lẹ́tà, ó kéré tán, ẹ máa jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹjọ́ Sátidé ló wà nílẹ̀. Bàámi, láptọ́ọ̀pù tí mo fi ránṣẹ́ sí yín kì í ṣe yẹpẹrẹ. Láptọ́ọ̀pù géèmù ni, alágbára ni. Mo ra sitiárìn mọ́ ọn, mo ra ibi tí ẹsẹ̀ yín máa tẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ lè máa wa lọ́rì inú géèmù bí ẹ ṣe ń wa tòótọ́ tẹ́lẹ̀, kí èmi náà máa wa tèmi tẹ̀lé yín láti ìdálẹ̀ tí mo wà, kí ẹ máa kọ́ mi. Ohun tí a jọ sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti di àṣà báyìí pé tí a bá wà lórí títì gbọọrọ, ohùn yín á máa dún létí mi kedere. Bí a bá ti dé ọgbà tí a ti fẹ́ fi tírélà rìn sẹ́yìn, lọ́rì yín á pòórá lójú mi, ohùn yín náà á lọ, èmi nìkan á wá dúró sójú kan bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ sáàárín igbó.

Ẹ sì mọ̀ pé rífáàsì yẹn gan-an ni mi ò mọ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa níbí máa ń sáré sọ̀rọ̀, tí mo bá ní kó tún un sọ, á wo aago. Ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti sọ fún gbogbo wa pé ẹni tó bá gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá kí ọdún tó parí ni wọ́n máa gbà dúró. Ẹni tí kò bá gbà á, kó máa wá ọ̀nà ilé lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń jẹ́ kéèyàn ṣe ìdánwò náà. Àkọ́kọ́ wà ní oṣù kẹrin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ráútà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń ṣẹ́jú iná ní pálọ̀, kí ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tún un tàn. Ẹ wò ó bóyá Màmá ti fi aṣọ bò ó torí eruku; ẹ bá mi ká a kúrò. Kí láptọ́ọ̀pù sì wà lórí iná ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń lò ó, torí tó bá ku bátìrì nìkan, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dín agbára wáìfáì kù.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ má gun ohunkóhun o. Mo ṣì ń rántí bí ẹ ṣe já bọ́ láti ara lọ́rì àtijọ́ yín yẹn àti ohun tí dókítà sọ. Ọlọ́run ló yọ wá tí ẹ tà á.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ìyá mi, olóríkunkun,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á. Ara ìyá rẹ le. Ẹsẹ̀ mi máa ń ṣe ìjọ̀ngbọ̀n láàárọ̀, tí oòrùn bá yọ, á gbà pé èmi ni mo ni òun.

Mo pa ráútà, mo tún un tàn. Kò sí aṣọ lórí ẹ̀. Abọ́ irin ìyá rẹ kan ni mo bá tó fara tì í, mo gbé e kúrò, a sì jà lórí ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù wà lórí iná, mo fa wáyà gígùn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe ni mo ṣe. Ní Sátidé, ìwọ náà rí i, a wakọ̀ lọ wẹ́rẹ́, a dé ọgbà, mo ní kí o dúró kí n ṣàlàyé. Mi ò tíì gbé ọwọ́ lé sitiárìn tán tí gbogbo ẹ̀ fi dákẹ́. Mo fi ọwọ́ gbá orí láptọ́ọ̀pù, pẹ̀lẹ́ ni o, kò gbọ́.

Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan, má sì bínú. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ń pa á? Mo mọ̀ ọ́. Láti kékeré, tí mo bá ti fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà, wàá fi ìka ti etí. Ìgbà tí mo bá ń yìn ọ́ lórí títì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bẹ. Ìgbà tí mo bá fẹ́ bá ọ wí, kò sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyìn àti ìbáwí?

Ohun tí mo fẹ́ sọ kó tó gé, mo kọ ọ́ síbí kó má bàa ṣòfò. Tírélà kì í lọ síbi tí o bá kọ orí ọkọ̀ sí. Bí o bá fẹ́ kí ìdí ẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ọwọ́ òsì ni kí o kọ́kọ́ yí, díẹ̀díẹ̀, kí o máa wo dígí. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà, kí orí máa tẹ̀ lé ìdí. Ìwọ máa ń yí i ní àyíjù, wàá tún wá kánjú yí i padà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pè mí ní Ẹ̀sọ̀ ní gáréèjì.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Bàámi,

Ẹ kú ilé. Èmi kọ́ ni mo ń pa á. Tí mo bá fẹ́ pa á, kí ni mo ń fi owó ìsinmi mi ra láptọ́ọ̀pù ṣe? Kí ni mo ń jókòó sójú kan ní gbogbo ọ̀sán Sátidé fún, nígbà tí àwọn tá a jọ ń gbé ilé ń fọṣọ, tí wọ́n ń lọ síbi eré bọ́ọ̀lù? Mo ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò ní ìhà tèmi. Mo bá ẹlòmíràn wa géèmù náà láti àárọ̀ dọ́sàn-án, kò gé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin nìkan ló máa ń lọ.

Ó ku ohun mẹ́ta kan tí ẹ máa bá mi wò. Ráútà yín ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì jáde: ọ̀kan yára ṣùgbọ́n ògiri kan péré ti tó láti dá a dúró, èkejì lọ́ra ṣùgbọ́n ó ń lọ jìnnà. Ẹ mú èyí tó ń lọ jìnnà. Lẹ́yìn náà, ohun kan wà nínú láptọ́ọ̀pù tó ń darí wáìfáì, dráífà ni wọ́n ń pè é. Bóyá tiyín ti gbó. Ẹ pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kó wá fi tuntun sí i. Ẹ̀kẹta, ibo gan-an lẹ máa ń jókòó sí? Ṣé ẹ jìnnà sí ráútà ni? Mo ti bi yín lórí fóònù, ẹ ní kí n jẹ́ kí a máa bọ́rọ̀ lọ.

Bàámi, ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lánàá nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, mo fi ìdí tírélà gbá òpó kan wó, olùkọ́ ò bínú, ó kàn kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀. Ìyẹn ló tún dẹ́rù bà mí jù.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Mo kí ọ. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti wá. Ó gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì pálọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó fi fíìmù gígùn kan hàn wá lórí ẹ̀ láìdúró, ó ní ẹ̀rọ wa ò lárùn. Mo ní kó fi dráífà tuntun sí i. Ó fi sí i. Ìyá rẹ ní dráífà àtijọ́ tó wà nínú ilé yìí ti tó òun í kojú, kí wọ́n má tún gbé òmíràn wá. Mo mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ jìnnà náà. Ó lọ́ra lóòótọ́.

Sátidé dé, ó tún gé. Ibẹ̀ náà ló ti gé. Mo ti ń bínú sí ọ, mo bínú sí ráútà, mo bínú sí ẹni tó gba owó tó ní kò lárùn.

O ní ibo ni mo máa ń jókòó sí. Ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí ni mo máa ń jókòó sí. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi, ara ń tù mí, má da ara rẹ láàmú nípa ìyẹn. Ìdánwò rẹ ni kí o dojú kọ. Tó bá di ọjọ́ náà, má wo ojú ẹni tó ń ṣèdánwò fún ọ. Dígí ni kí o máa wò.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàámi,

Mo kí yín. Mi ò yege.

Gbogbo ti ojú títì ni mo ṣe láìsí àbùkù. A dé ibi rífáàsì, mo yí ọwọ́ òsì bí ẹ ṣe kọ ọ́, ìdí tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í yà, mi ò wá mọ ìgbà tó yẹ kí n máa tẹ̀ lé e, torí pé ibẹ̀ gan-an la máa ń dé kí ẹ tó lọ. Gbogbo Sátidé, ibẹ̀ gan-an. Ọkọ̀ ká mọ́ra bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Obìnrin tó ń ṣèdánwò fún mi ní kí n sọ̀kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tú u sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi, kó má bàa jẹrà síbẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń pa á. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ pé mo fẹ́ wa ọkọ̀ ńlá, ẹ ní iṣẹ́ lọ́rì kì í ṣe ohun tí ẹ gbàdúrà kí ọmọ yín obìnrin ṣe. Ṣé ìdí nìyí? Ṣé ẹ fẹ́ kí n rò pé ẹ̀ ń kọ́ mi ni, kí n sì má mọ̀ ọ́n? Ẹ̀rọ ò lárùn, ráútà ò lárùn, dráífà jẹ́ tuntun. Ta ló wá kù?

Ìdánwò kejì di oṣù kẹsàn-án. Lẹ́yìn ẹ̀, kò sí òmíràn.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Mi ò rí èsì. Mi ò rí yín nínú géèmù láti oṣù tó kọjá. Mo máa ń wọlé ní Sátidé, mo máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú iná ọkọ̀ mi ní títàn, kí ẹ lè rí mi tí ẹ bá dé. Tí mo bá pe fóònù, Màmá á ní ẹ̀ ń sinmi. Ènìyàn kì í sinmi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ bú mi, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni mo kọ èyí, bàbá rẹ ò mọ̀. Mo kí ọ, mo kí orí tó gbé ọ dé ibẹ̀.

Gíláàsì ojú wọn ti fọ́, torí náà èmi ni mo ka lẹ́tà oṣù kẹrin yẹn sí wọn létí. Ìgbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ obìnrin, wọ́n ní kí n dúró ná, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n jáde. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn wọ́n, ó sì dun èmi náà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ, ó sì ti sú mi láti máa pa á mọ́: wọn ò ta lọ́rì. Ó wà lẹ́yìn ilé níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, táyà ẹ̀ ti jókòó sílẹ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù wá, bàbá rẹ bá wọn jà débi pé wọn ò jẹ́ gba àdúgbò wa kọjá mọ́. Inú lọ́rì yẹn ni wọ́n ń gbé láptọ́ọ̀pù rẹ lọ ní Sátidé. Wọ́n fi okùn so sitiárìn tí o rà mọ́ ti ọkọ̀. Wọ́n ní awakọ̀ gidi kì í wakọ̀ lórí àga tìmùtìmù. Èmi ni mo ń ti ìdí wọn gòkè, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn, títí wọ́n á fi jókòó.

Tí ẹ bá wà lórí títì, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Fèrèsé àti gíláàsì iwájú ti fọ́ tipẹ́, wọ́n ti fi páànù dí gbogbo ẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi tí mo ti ń dáná. Tó bá di ti rífáàsì, wọ́n á fa ilẹ̀kùn tì gbàgà. Wọ́n ní awakọ̀ tó bá ṣílẹ̀kùn rìn sẹ́yìn, ògiri ló máa bá a tì í. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà, màá gbọ́ igbe pé o ti lọ. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa kùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa wáìfáì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé olóríkunkun méjì ni mo ní, mi ò sì mọ èyí tó kọ́ ìkejì.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Bàámi,

Ẹ má bínú sí Màmá. Wọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi.

Mo ka lẹ́tà wọn lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún, lẹ́yìn náà inú wá bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dìde dúró. Ilẹ̀kùn ni, Bàámi! Irin ni gbogbo ara lọ́rì yẹn. Wáìfáì ń gba ẹnu ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí sílẹ̀ wọlé bá yín. Bí ẹ bá ti tì í, pẹ̀lú fèrèsé tí ẹ fi páànù dí, ẹ ti wà nínú agolo nìyẹn. Ẹni tó wá tún kọ̀ǹpútà ṣe lè wò ó dọ̀la lórí tábìlì pálọ̀, kò ní rí nǹkan kan. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bá ráútà jà. Tí ẹ bá ti sọ ibi tí ẹ ń jókòó sí fún mi ní ọjọ́ tí mo bèèrè, ǹ bá ti yege.

Ọ̀rọ̀ obìnrin tí mo kọ, mo kó o jẹ. Kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní gun nǹkan yẹn mọ́. Ẹ ní ẹ ti tà á. Mo ń sùn dáadáa níbí torí mo rò pé ẹ ti tà á.

Ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù wá sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, kí ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Mo máa dúró dè yín ní Sátidé.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Ìyá mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ kò dà bí lẹ́tà ọmọ sí bàbá, bí ọlọ́pàá ojú pópó lo ṣe sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ̀bi, torí náà mo gbọ́ràn.

Mo jókòó sí pálọ̀ bí o ṣe wí, Sátidé kan, Sátidé kejì. Wáìfáì ò gé. O gbọ́ ohùn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kí o yí ọwọ́ òsì, ọ̀tún ni mo ní lọ́kàn. Mo ní kí o dúró nígbà tó yẹ kí o máa bọ̀. Èmi fúnra mi fi ìdí tírélà gbá ògiri. Ojú mi ń wá dígí ẹ̀gbẹ́, àwòrán ìgbéyàwó wa tó wà lára ògiri ló ń bá. Àga yẹn ń gbé mi mì. Ẹni tó wá kí ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń bi mí pé ṣé géèmù ni àgbàlagbà ń ta báyìí. O ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n o ti ń ṣiyèméjì bóyá mo mọ iṣẹ́ náà rí.

Orí mi kọ́ ló mọ rífáàsì. Ọwọ́ mi àti ẹ̀yìn mi ló mọ̀ ọ́n, inú lọ́rì yẹn nìkan ni wọ́n sì ti ń rántí. Nípa ohun tí mo sọ nígbà tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yìí ń jẹ egungun èèyàn, ìwọ náà wo ẹsẹ̀ mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbàdúrà ẹ̀ fún ọ. Kò kan obìnrin.

Wá ẹlòmíràn kó kọ́ ọ. Mo ti di ẹrù sínú páálí. Sitiárìn náà wà níbẹ̀, tí o bá fẹ́ kí a dá a padà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù keje

Bàámi,

Mo ti kọ lẹ́tà yìí, mo ya á, mo tún un kọ. Èmi tí mo ní kí ẹ má gun ohunkóhun ni mo ń bẹ̀ yín báyìí pé kí ẹ gòkè.

Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn ẹlòmíràn ń sọ fún mi pé kí n yí ọwọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń sọ ohun tí ọkọ̀ fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Tí ẹ bá ṣubú, mi ò ní dárí ji ara mi láyé. Tí mi ò bá sì bẹ̀ yín, wọ́n á lé mi níbí, ẹ̀yin á máa jókòó sínú àga yẹn títí, ẹ ò ní bá mi sọ̀rọ̀ gidi mọ́. Mo ti wọ̀n ọ́n wò síwá sẹ́yìn, mi ò mọ èyí tó burú jù. Inú ń bí mi pé èmi ni mo máa yàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí jórinjórin tó wà ní ìkọjá ilé wa ṣe àtẹ̀gùn tó fẹ̀, kó ní ibi tí ọwọ́ ń dì mú lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sókè kó tó parí ẹ̀. Kí Màmá wà níbẹ̀ tí ẹ bá ń gòkè àti tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ má sì lo wáìfáì mọ́ rárá. Ẹ ra wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gígùn, kí ẹ ki orí ẹ̀ kan sẹ́yìn ráútà, kí ẹ lu ihò kékeré sára páànù tó wà lójú fèrèsé, kí ẹ fà á gba ibẹ̀ wọlé, kí orí kejì wọnú láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ilẹ̀kùn yín bó ṣe wù yín.

Ẹ tú páálí yẹn, Bàámi.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án

Bàámi, Màámi,

Mo yege.

Mo kọ ọ́ sókè kí ẹ má bàa máa wá a. Kò sí ìgbà kan nínú gbogbo Sátidé oṣù kẹjọ tí ohùn yín gé mọ́ mi létí, àfi ọjọ́ tí iná lọ ládùúgbò yín. Mo gbọ́ gbàgà tí ilẹ̀kùn ṣe, mo sì mọ̀ pé ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò, obìnrin kan náà ni wọ́n tún fún mi. Mo yí ọwọ́ òsì díẹ̀, ìdí yà, mo tẹ̀ lé e, mo wọ àárín òpó méjèèjì láìfara kan ọ̀kan. Obìnrin náà ní kí n gbé ọkọ̀ jáde, kí n lọ gba ìwé mi.

Ilé iṣẹ́ ti gbà mí dúró. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn, mo sì ti bá ọ̀gá jà lórí ẹ̀, mi ò borí: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló ń gba ọ̀nà jíjìn òpin ọ̀sẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń gbéra, ọjọ́ kejì ni mo máa ń dé. A ò ní lè pàdé nínú géèmù mọ́, ó kéré tán fún ìsinsìnyí. Mo bi ara mi pé kí ni mo ń sáré lé láti oṣù kejì, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ mi bà á tán ni mo pàdánù Sátidé wa.

Ẹ ṣeun, Bàámi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tó máa tó.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá

Ìyá mi, awakọ̀,

Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Ìyá rẹ ka lẹ́tà rẹ sókè, mo ní kó tún un kà. Mo mú ọ̀pá mi, mo lọ sí gáréèjì, mo sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́: inú ń bí mi. Àtẹ̀gùn wà, wáyà wà, ilẹ̀kùn ń tì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún fọ́fọ́, kò wá sẹ́ni tí màá bá wakọ̀. Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn lẹ́tà rẹ, mo gòkè, mo wakọ̀ dé ọgbà, mo dúró. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń fọn fèrè mọ́ mi lẹ́yìn. Mo pa á, mo sọ̀kalẹ̀, mo pè ọ́. O ò gbé e. Mo tún pè. Ó ti ń ṣe mí bíi pé táyà ti bẹ́, pé òjò ti ká ọ mọ́ orí òkè, pé oorun ń kùn ọ́. Mo bú ọ̀gá rẹ. Mo bú ara mi tí mo kọ́ ọ.

Ìyá rẹ wá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "A kì í pe awakọ̀ tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ wá jókòó, ẹ bá mi ṣa ẹ̀wà yìí. Tó bá dé, á pè." Mo bi í pé báwo ló ṣe dá a lójú. Ó wò mí títí, ó tún padà sídìí ẹ̀wà ẹ̀.

Torí náà, máa wakọ̀ rẹ lọ. Má gbé fóònù tí ọwọ́ rẹ bá wà lórí sitiárìn, ì báà jẹ́ èmi ni mo pè. Tí oorun bá ń kùn ọ́, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o sùn, kí ẹrù wọn dúró. Mo wakọ̀ títí irun mi fi funfun, mi ò sì dúró de awakọ̀ rí láyé mi. Ìyá rẹ ló ń kọ́ mi.

Bàbá rẹ.